Ìbùwọ́lùwé ò lè ya X-ray

Nínú ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ radiography, ìyẹn iṣẹ́ yíya àwòrán inú ara, ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn, òpó mẹ́ta ló sábà máa ń wà: èyí tó wò, èyí tó bá wọn dá sí, àti èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lójú ọ̀gá. Bí sáà bá ń lọ sópin, òpó kẹta á ti kún fún ìbùwọ́lùwé ọ̀gá dé etí. Ẹni tó bá mọ bí yàrá X-ray ṣe ń rí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí èrò tò dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún há sẹ́yìn gíláàsì kan ṣoṣo, á mọ̀ pé ìṣirò yẹn ò lè bára mu. Ọ̀gá ò ráyè. Akẹ́kọ̀ọ́ ń wá máàkì. Bírò sì wà lọ́wọ́.

Èrò ìwé ìròyìn yìí ni pé kí àwọn yunifásítì tó ń fúnni ní oyè radiography jáwọ́ nínú kíka iye ìbùwọ́lùwé. Kí wọ́n dán akẹ́kọ̀ọ́ wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, lórí aláìsàn tó ń mí, lójú ẹni tí kì í ṣe ọ̀gá rẹ̀ ojoojúmọ́. Kí wọ́n má sì gba akẹ́kọ̀ọ́ ju iye tí yàrá ẹ̀rọ àti àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ lè kọ́ ní tòótọ́. Ọdún mẹ́ta ni oyè náà ń gbà ní orílẹ̀-èdè kan, mẹ́rin ní òmíràn, márùn-ún níbòmíràn; ibi yòówù kó jẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká mú ìgúnpá, torí lójú ẹni tí kò yà á rí, kò ju kí èèyàn gbé ọwọ́ lé tábìlì lọ. Láti ya á ní ẹ̀gbẹ́, a gbọ́dọ̀ ká ìgúnpá dé ìwọ̀n dígírì 90, kí èjìká, ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́ wà lórí ìpele kan náà, kí àtàǹpàkò sì kọjú sókè. Èjìká ló máa ń ba iṣẹ́ náà jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á ká ọwọ́ dáadáa, àmọ́ kò ní fiyè sí i pé aláìsàn jókòó ga ju bó ṣe yẹ lọ. Èjìká á wà lókè, apá á dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ wálẹ̀, àwọn ìlà róbótó tó yẹ kí wọ́n wà nínú ara wọn ní ìsàlẹ̀ egungun apá á sì yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àtúnṣe rẹ̀ ò ju kí a rẹ àga sílẹ̀ tàbí kí a gbé tábìlì sókè. Kò gba ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò tíì bá a rí kì í rántí.

Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ju ẹwà àwòrán lọ. Lẹ́yìn ìṣubú, orí egungun ìsàlẹ̀ apá tí wọ́n ń pè ní radius lè sán kí ojú má rí ibi tó ti sán. Ohun tí ń tú àṣírí ni ọ̀rá inú oríkèé: bí ẹ̀jẹ̀ bá kún ibẹ̀, á ti ọ̀rá ẹ̀yìn jáde, òjìji dúdú á sì yọ lẹ́yìn egungun apá níbi tí kì í ti í hàn. Bí wọ́n bá wá na ọwọ́ dípò kí wọ́n ká a, ọ̀rá yẹn lè yọ láìjẹ́ pé ohunkóhun ṣe egungun. Bí apá bá sì dà, òjìji tó yẹ kó hàn lè sọnù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wo ogún ìgúnpá láti ẹ̀yìn gíláàsì lè má rí ọ̀kankan nínú nǹkan wọ̀nyí, torí ẹ̀yìn ọ̀gá rẹ̀ ló ń wò.

Ẹni tí ìgúnpá ń ro kì í sì ká a nítorí pé ìwé ní kó ká a. Ìgbà yẹn ni ẹni tó mọṣẹ́ á fi ọwọ́ náà sílẹ̀ bó ṣe wà, tí á wá yí orí ẹ̀rọ àti pátákó agbàwòrán kiri títí igun wọn á fi bá a mu. Ère oníke tí wọ́n fi ń kọ́ni ní yunifásítì kì í ké, kì í fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, kì í húkọ́ nígbà tí a bá ní kó séèémí. A ò sọ pé kí wọ́n kó ère dà nù. Ibẹ̀ ló yẹ kí àṣìṣe àkọ́kọ́ ti ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n wákàtí tí akẹ́kọ̀ọ́ lò pẹ̀lú ère ò gbọdọ̀ wọ inú òpó kẹta yẹn.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ìtànṣán tún le ju ti ìdúró lọ, torí ẹ̀rọ ìgbàlódé ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Láyé fíìmù, bí ìtànṣán bá pọ̀ jù, fíìmù á dúdú kirimú. Bí ó bá kéré, á funfun. Ojú akẹ́kọ̀ọ́ á tì í lójú ẹsẹ̀. Ní báyìí, kọ̀ǹpútà á ti tún àwòrán ṣe kó tó gbé e jáde. Èyí tí ìtànṣán rẹ̀ kéré á rí ṣákiṣàki bí ẹni da iyanrìn sí i, èyí tó pọ̀ jù á sì dán, á jọlọ̀, á wu olùwò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti bá wí lẹ́ẹ̀mejì lórí àwòrán oníyanrìn á kọ́ ẹ̀kọ́ tí kò yẹ: á máa fi díẹ̀ kún un. Ẹnikẹ́ni ò ní bá a wí mọ́. Aláìsàn ló ń gba èyí tó lé.

Nọ́ńbà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán tó ń sọ òótọ́, deviation index ni wọ́n ń pè é. Bí ó bá jẹ́ 0, ohun tó dé orí pátákó ṣe wẹ́kú pẹ̀lú ohun tí ilé ìwòsàn fẹ́. Bí ó bá jẹ́ +3, ó tó ìlọ́po méjì; bí ó bá jẹ́ -3, ìdajì ni. Nọ́ńbà náà lè ṣini lọ́nà, pàápàá bí akẹ́kọ̀ọ́ bá yan àyà lórí kọ̀ǹpútà nígbà tó jẹ́ ikùn ló ń yà, tàbí bí ojú ìmọ́lẹ̀ tó ń fi ibi tí ìtànṣán á dé hàn bá fẹ̀ kọjá ibi tó yẹ. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ó lè ka nọ́ńbà náà kó sì ṣàlàyé rẹ̀ kó tó tẹ bọ́tìnì tó ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí dókítà.

Bákan náà ni ìṣirò ìjìnnà. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ló lè kọ ọ́ sínú ìdánwò pé bí ìjìnnà bá di ìlọ́po méjì, ìtànṣán á ṣẹ́kù ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ wá gbé e lọ síbi ibùsùn aláìsàn tí kò lè dìde, pẹ̀lú ẹ̀rọ onítáyà, níbi tí ọ̀pá omi ìfàsára àti àpótí ò jẹ́ kí ẹ̀rọ sún mọ́ ọn. Sẹ̀ǹtímítà 100 tó ní lọ́kàn ti di nǹkan bí 140, ìtànṣán ti di ìdajì, àwòrán oníyanrìn tún dé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ òfin náà lórí ìwé gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n nínú yàrá náà pẹ̀lú: kí ó sọ mAs, ìyẹn iye ìtànṣán tí ẹ̀rọ ń tú jáde, di ìlọ́po méjì, tàbí kí ó gbé kV, agbára iná tó ń pinnu bí ìtànṣán ṣe ń wọnú ara tó, sókè ní ìdá 15 nínú 100, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ já sí ohun kan náà lórí pátákó. Kí ó sì mọ ìdí tó fi yan ọ̀kan, torí kV tó ga ń jẹ́ kí ìyàtọ̀ àárín dúdú àti funfun dín kù.

Ọ̀rọ̀ ààbò akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 1895 ni Röntgen, onímọ̀ físíìsì, kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ìtànṣán yìí ní Würzburg, ní Jámánì. Kò pé ọdún mẹ́wàá tí Clarence Dally, tó ń bá Thomas Edison ṣiṣẹ́, fi kú. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń dán ẹ̀rọ wò títí wọ́n fi gé e. Ọdún 1904 ló ṣaláìsí. Síbẹ̀, bí ọmọdé kan bá ń sunkún lórí tábìlì tí kò fẹ́ dúró jẹ́ẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ ni ojú ọ̀pọ̀ ọ̀gá ń lọ sí pé kó wá dì í mú. Kò tọ́. Òbí tí kò lóyún, tó wọ aṣọ òjé, ló yẹ kó dì í mú, lẹ́yìn tí ohun ìdènà bí ìrọ̀rí àti bẹ́líìtì bá ti kọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí á máa wà níbẹ̀ lójoojúmọ́ kò sí lára wọn. Àjọ ICRP, tó ń gbani nímọ̀ràn lórí ààbò ìtànṣán káàkiri ayé, dámọ̀ràn 20 mSv (millisievert, ìwọ̀n ìtànṣán tó wọ ara) lọ́dún fún òṣìṣẹ́, tí a bá pín in lórí ọdún márùn-ún, kí ó má sì kọjá 50 ní ọdún kankan. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàárín 16 sí 18, ìlànà IAEA, àjọ àgbáyé fún agbára átọ́míìkì, jẹ́ 6 mSv lọ́dún. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń so mọ́ àyà láti fi wọn ìtànṣán yẹ kí ó wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó bá wọ yàrá. Kí ẹnikẹ́ni má ní kí wọ́n dúró de ti sáà tó ń bọ̀.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ nínú kíláàsì náà ti gbó níbòmíràn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n fi òjé bo ojú ara aláìsàn bí wọ́n bá ń ya ìbàdí tàbí ikùn. Ní 2019, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ físíìsì ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, AAPM, ní kí wọ́n jáwọ́ nínú fífi ṣe àṣà. Bí ẹ̀yà ìbímọ ò bá sí nínú ibi tí wọ́n ń yà, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ń dé ibẹ̀ ni ìtànṣán tó fọ́n ká nínú ara, òjé tó wà lójú awọ ò sì lè dá a dúró. Bí òjé bá sì bọ́ sórí ibi tí ẹ̀rọ fi ń díwọ̀n, ẹ̀rọ á rò pé ìtànṣán ò tíì tó, á sì máa tú u jáde lọ. Ó tún lè bo ohun tí dókítà ń wá. Olùkọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì tẹ yàrá X-ray láti ọdún mẹ́wàá ṣì lè máa fi máàkì fún ẹni tó bá kọ ìdáhùn àtijọ́. Ìdí rèé tí a fi ń sọ pé kí olùkọ́ radiography máa ní ọjọ́ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ó sì wà nínú àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀.

Ti MRI, ẹ̀rọ tó ń fi òòfà ya àwòrán inú ara, ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó: agbára òòfà rẹ̀ kì í sùn. Ẹ̀rọ 1.5 T (tesla, ìwọ̀n agbára òòfà) lágbára ju òòfà ilẹ̀ ayé lọ ní ìlọ́po tó bí 30,000, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru bí ọ̀sán, bí ẹnikẹ́ni ò bá tilẹ̀ sí nínú yàrá. Ní 2001, ní ilé ìwòsàn kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbé sílíńdà atẹ́gùn onírin wọlé nígbà tí ọmọ ọdún mẹ́fà wà nínú ẹ̀rọ. Sílíńdà náà fò bá ọmọ náà, ó sì kú. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó kọjá ilẹ̀kùn yẹn, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bí wọ́n ṣe ń yẹ aláìsàn wò, títí kan irun tí wọ́n fi píìnì dì àti irin tó lè ti wọ ojú rẹ̀ rí.

A mọ èsì tí àwọn alákòóso á fọ̀. Wọ́n á ní ilé ìwòsàn ń wá òṣìṣẹ́ kíkankíkan, pé bí a bá dín ìgbaniwọlé kù, àwọn tó ń dúró de CT, ẹ̀rọ X-ray tó ń ya ara ní ìpele-ìpele, á tún pẹ́ sí i. Òótọ́ ni pé òṣìṣẹ́ ò tó. Ṣùgbọ́n ẹni tó jáde láìmọ iṣẹ́ ń jẹ àkókò ẹlòmíràn: ọ̀gá á dúró tì í fún oṣù púpọ̀, àwòrán tó yà á di àyàtúnyà, aláìsàn kan á sì di iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì fún ẹ̀rọ kan. Ilé ìwòsàn tó bá ń fẹ́ òṣìṣẹ́ kí ó kọ́kọ́ fi àkókò ìkọ́ni sínú ìwé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀. Lọ́wọ́lọ́wọ́, iye èrò tí ọ̀gá tú ká ni wọ́n fi ń wọn iṣẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ka iye tó kọ́. Àbá wa ni akẹ́kọ̀ọ́ méjì, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀, sí yàrá kan àti ọ̀gá kan.

Ìdánwò ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà kò nira láti ṣètò. Kí wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé tí dókítà fi ránṣẹ́, kí ó sọ bóyá ìdí tó wà níbẹ̀ tó láti fi ìtànṣán kan aláìsàn. Kí ó ní kí aláìsàn fẹnu ara rẹ̀ sọ orúkọ, ọjọ́ ìbí àti àdírẹ́sì, bíbéèrè pé “Ṣé ẹ̀yin ni Lágbájá?” kò tó, torí ẹni tí ara ń ni á dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí orúkọ ẹlòmíràn. Kí ó béèrè ọ̀rọ̀ oyún bó ṣe yẹ, ní ìkọ̀kọ̀. Kí ó lẹ àmì L tàbí R sórí pátákó kó tó tẹ bọ́tìnì, torí èyí tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà lẹ̀ lẹ́yìn náà ló ń sọ ọwọ́ òsì di ọ̀tún. Kí ó yà á, kí ó wò ó, kí ó sì sọ bóyá á tún un yà tàbí kò ní tún un yà. Bí ó bá ní òun á tún un yà tí kò sì lè sọ ohun tóun á yí pa dà, ó ti fìdí rẹmi.

Kí wọ́n sì ṣí àpótí àwòrán tí wọ́n ti kọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé ló ń pa wọ́n mọ́, ìdúró aláìsàn tí kò dára ló sì máa ń pọ̀ jù nínú ìdí tí wọ́n fi kọ̀ wọ́n. Kí wọ́n yọ orúkọ kúrò, kí wọ́n gbé mẹ́wàá wá sí kíláàsì lọ́sẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ohun tó bà á jẹ́ àti bí wọ́n ṣe lè tún un ṣe. Ìwé ẹ̀kọ́ kún fún àwòrán tó pé pérépéré, èyí tí kì í fi bẹ́ẹ̀ wáyé lálẹ́ ọjọ́ Sátidé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá yunifásítì tí ẹ máa lọ, ẹ béèrè ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́kọ́ wọ ilé ìwòsàn, bóyá ọdún kìíní ni tàbí ọdún kẹta. Ẹ béèrè iye ẹni tó ń pín yàrá kan. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àkọsílẹ̀ kan tó ti kún hàn yín, láìsí orúkọ. Bí ẹ bá rí ogójì ìbùwọ́lùwé tó jẹ́ ọwọ́ kan náà, bírò kan náà, ọjọ́ kan náà, ẹ béèrè wákàtí mélòó ni ọ̀gá yẹn fi wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.