Ọgọ́rùn-ún press-up kọ́ ló ń fi agbára hàn

Níbi tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin bá ti péjọ, ì báà jẹ́ bárékè, ibùdó àwọn àgùnbánirọ̀ tàbí pápá àdúgbò láàárọ̀ Sátidé, ìbéèrè kan ni wọ́n máa ń bi ara wọn tí ọ̀rọ̀ bá ti kan press-up: "Mélòó lo lè ṣe?" Ẹni tó bá kà á dé ọgọ́rùn-ún ni wọ́n á máa kan sáárá sí. Ẹni tó bá dúró ní mẹ́wàá, wọ́n á ní kò tíì jẹun kánú. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ìgbàgbọ́ yìí ń kó ìrora bá èjìká àwọn kan, ó sì ń mú kí ojú ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ títí wọ́n á fi pa á tì.

Ẹ fara balẹ̀ wo ẹni tó ń sáré kà á. Orí ló ń sọ̀ kalẹ̀, kì í ṣe àyà. Ìbàdí rì, ìgúnpá ṣí sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, apá kò nà tán kó tó tún padà wálẹ̀. Ó dà bí ẹni tó ń gún iyán tí ọmọ odó rẹ̀ kò dé ìdí odó: ariwo ń lọ, iṣu ò fọ́.

Ibi tó ń sá fún nísàlẹ̀ yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà. Àwọn olùwádìí ti fi ìwọ̀n wọn ẹrù tí ọwọ́ ń gbé nínú press-up. Nígbà tí apá bá nà, nǹkan bí ìdá 69 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ara ló wà lórí ọwọ́. Tí àyà bá ti sún mọ́ ilẹ̀, ó di nǹkan bí 75. Ẹni tó bá wúwo tó kílò 80 ń ti nǹkan bí kílò 60 nísàlẹ̀. Tó bá fi orúnkún kúnlẹ̀ ṣe é, ìdá 62 ni, ìyẹn nǹkan bí kílò 50. Èyí tí àwọn èèyàn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé "ti obìnrin" ni! Kílò 50 tí wọ́n tì láti ìsàlẹ̀ dé òkè kì í ṣe eré rárá.

Iléeṣẹ́ ọmọ ogun ilẹ̀ Amẹ́ríkà náà ti yí bí wọ́n ṣe ń kà á padà. Nínú ìdánwò tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ láti 1980, ọmọ ogun á ṣe iye tó bá lè ṣe ní ìṣẹ́jú 2, kò sì pọn dandan kí àyà kan ilẹ̀. Nínú èyí tó rọ́pò rẹ̀ ní 2022, àyà gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀, ọwọ́ méjèèjì á sì kúrò nílẹ̀ pátápátá kí èèyàn tó tún ti ara rẹ̀ sókè. Kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe máa ṣe ìlàjì níbẹ̀ kí wọ́n kà á fún un.

Ká tiẹ̀ wá ní gbogbo ọgọ́rùn-ún náà pé pérépéré ńkọ́? Ìfaradà nìyẹn, ó sì dára, àmọ́ ohun mìíràn ni agbára. Ẹrù tó le díẹ̀ sí i ló ń sọ iṣan di alágbára. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2015, àwọn kan fi okùn rọ́bà mú kí press-up le débi tí wọn ò lè ṣe ju nǹkan bí mẹ́fà lọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn mìíràn ń gbé irin lórí bẹ́ǹṣì ní ìwọ̀n líle kan náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 5, agbára àwọn méjèèjì pọ̀ sí i bákan náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ lé tábìlì tó dúró dáadáa, tàbí ògiri bí tábìlì bá ṣì le. Tí ọwọ́ bá wà lórí ohun tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 60, nǹkan bí ìdá 41 péré nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ara yín lẹ ó máa tì. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ fẹ̀ ju èjìká lọ díẹ̀, kí ìgúnpá kọjú sẹ́yìn díẹ̀ dípò kó ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ fún ìdí àti ikùn pọ̀ kí ara lè tọ́ láti orí dé gìgísẹ̀. Ẹ mí sínú bẹ́ ẹ ṣe ń lọ sílẹ̀, ẹ mí síta bẹ́ ẹ ṣe ń tì. Márùn-ún sí mẹ́jọ, ìsinmi ìṣẹ́jú 2, ẹ tún un ṣe títí á fi di ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ má ṣe é lójoojúmọ́. Ẹ fi ọjọ́ kan sáàárín. Tí méjìlá bá ti ń rọrùn, ẹ wá ohun tó kúrú sí i títí ẹ ó fi kan ilẹ̀.

Tí ilẹ̀ náà bá ti rọrùn, ẹ má kàn máa fi kún iye. Ẹ rọra sọ̀ kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 3, ẹ gbé ẹsẹ̀ lé bẹ́ǹṣì, tàbí kí ẹ gbé báàgì ìwé kọ́ ẹ̀yìn. Kí ẹ sì wá irin tí ẹ lè dì mú fa ara yín sókè, torí títì nìkan ni press-up, iṣan ẹ̀yìn ò fi bẹ́ẹ̀ rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀.