Nọ́ńbà Ni Wọ́n Fi Pè Mí Nínú Kúẹ́rì

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, akọ̀wé ẹ̀ka wa fi ìwé kan lé mi lọ́wọ́ ní ẹnu ọ̀nà, kúẹ́rì sì ni. Orúkọ mi kò sí níbẹ̀. Nọ́ńbà òṣìṣẹ́ ni wọ́n kọ sókè, wọ́n ní kí onínọ́ńbà náà wá sọ, láàárín wákàtí 24, ìdí tí èsì ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní fi pẹ́ kí ó tó dé orí pọ́tàlì. Ọdún 17 rèé tí mo ti ń kọ́ni ní yunifásítì yìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kò mọ ohun tí ó ń dá èsì dúró? Ìwé ìdánwò 612 ni èmi nìkan fi àpò ìrẹsì kó lọ sílé, nítorí pé kò sí iná ní ọ́fíìsì tí àwa mẹ́rin jọ ń lò, àjà ibẹ̀ sì ti jẹrà débi pé ike ni mo gbé sórí tábìlì mi láti fi gbe omi òjò. Òru ni mo fi ń máàkì wọn. Ìyàwó mi a gbé fóònù rẹ̀ ti agolo mílíìkì kí tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lè tàn sí ìwé, a sì máa to àwọn tí mo ti parí ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Nígbà tí mo kan ìwé ọmọbìnrin kan tí ó dáhùn ìbéèrè kẹta lọ́nà tí ó dára ju bí mo ti kọ́ ọ lọ, ìyàwó mi ti ń tòògbé. Mo jí i, mo kà á sí i létí. Nítorí irú òru bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gba iṣẹ́ yìí! Owó àpò mi ni mo fi ra dátà tí mo fi gbé èsì sókè, ẹ̀ẹ̀mẹta ni pọ́tàlì sì gbé e mì kí ó tó dúró.

Àwọn ìjọba àpapọ̀ tí ó dá owó oṣù wa dúró nígbà ìyanṣẹ́lódì àwa olùkọ́ yunifásítì lọ́dún 2022, láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, ta ni ó kọ kúẹ́rì sí wọn? A padà sẹ́nu iṣẹ́, a kọ́ gbogbo ohun tí ó ṣẹ́ kù, wọ́n wá ka ọjọ́ fún wa nínú owó oṣù Kẹwàá náà bí ẹni ń san owó lébìrà. Ìgbéga mi ti pé ọdún mẹ́rin, n kò tíì rí kọ́bọ̀ nínú owó rẹ̀. Ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí à ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, láti Àbújá ni NUC, àjọ ìjọba tí ó ń bójú tó yunifásítì, ti ń kọ ọ́ wá. Nígbà tí mo jókòó láti fèsì kúẹ́rì yìí, mo wá ohun kan nínú iṣẹ́ náà tí mo ṣì lè pè ní tèmi, ìwé ọmọbìnrin yẹn nìkan ni mo rántí.

Kí wọ́n gba kúẹ́rì wọn padà. Kí wọ́n san owó wa, kí wọ́n fi orúkọ mi pè mí, kí wọ́n sì wá gbé ike yẹn kúrò lórí tábìlì mi.