Ẹ̀gbọ́n, Hirono kò parọ́ ibi tí wọ́n bí i sí

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o. Ohùn tí ẹ fi sórí Wasaápù àwa ará Lágéré lánàá kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ní ẹni tí wọn kò bí sí Amẹ́ríkà kò lè di sẹ́nétọ̀ níbẹ̀, pé ńṣe ni Mazie Hirono, sẹ́nétọ̀ tó ń ṣojú ìpínlẹ̀ Hawaii ní Amẹ́ríkà, parọ́ ibi tí wọ́n bí i sí. Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, gbogbo wọn sì ti gbà á gbọ́!

Ipò ààrẹ àti igbákejì rẹ̀ ni òfin wọn fi sílẹ̀ fún ẹni tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ láti ìgbà ìbí. Ní ti sẹ́nétọ̀, kó ti pé ọmọ 30 ọdún, kó ti di ọmọ Amẹ́ríkà fún ọdún 9, kó sì máa gbé ní ìpínlẹ̀ tó fẹ́ ṣojú fún. Ó tán.

Fukushima ní Jàpáànì ni wọ́n bí Hirono sí ní 1947, kò sì fi pamọ́ rí. Ọ̀mùtí àti atatẹ́tẹ́ ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló mú un sá lọ sí Hawaii ní 1955. Ó di ọmọ Amẹ́ríkà ní 1959, ó parí ẹ̀kọ́ òfin ní Yunifásítì Georgetown ní 1978. Ó ṣe aṣòfin ìpínlẹ̀, ó ṣe igbákejì gómìnà, ó díje fún gómìnà ní 2002, ó fìdí rẹmi. Ó wọ ilé aṣojú-ṣòfin ní 2007, ó di sẹ́nétọ̀ ní 2013.

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ pa ohùn yẹn rẹ́ kó tó dé Mọdákẹ́kẹ́.