Ọjọ́ a kú là ń dère: ọ̀rọ̀ Lord of Ajasa

"Ọjọ́ a kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè." Ìyá bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó ló máa ń fi òwe yìí gún àwọn aṣọ̀fọ̀ àṣejù lára. Wọ́n bá ti gbé pósí jáde, ó ní gbogbo ẹnu á di oyin: ẹni tí wọ́n ń pè ní ahun lánàá á di ọlọ́wọ́ ṣíṣí, ẹni tí wọn ò kí lọ́nà oko á di ẹni iyì. Bẹ́ẹ̀ ère ò jẹun, kò wọ aṣọ. Ẹ lè fi osùn kùn ún títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò mọ̀.

Òwe yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ Sátidé kan tí mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ lẹ́yìn ọjà Òkè-Ajé, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọkùnrin tó ń gẹrun ti so fóònù rẹ̀ mọ́ spíkà kékeré kan, ráàpù ló ń lù. Bàbá àgbà kan wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ilẹ̀kùn, fìlà rẹ̀ wà lórí eékún, ó ń retí kó kàn án. Ni "Le Fenuso" bá wọlé, orin Lord of Ajasa, ọmọ ráàpù tó ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀, tí olórin 9ice bá a dá sí. Bàbá gbé etí sókè.

"Ta lọmọ tó ń sun rárà yìí?"

Onígbàjámọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, kì í ṣe rárà o, ráàpù ni."

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. "Mo ní ta ni?"

Ọmọ náà dá kílípà dúró, ó ní láti wo ojú fóònù kó tó lè dáhùn. Ohun tó dùn mí nìyẹn. Orin náà wà lẹ́nu rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ti ń bá a sọ ọ́ lábẹ́ imú, ṣùgbọ́n orúkọ olórin ò sí lórí rẹ̀.

Olusegun Osaniyi lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Èkó ló ti ṣe orin rẹ̀. N ò ní tìtorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀ kí n wá fi tipátipá sọ ọ́ di ọmọ Ìjẹ̀bú. Nígbà tó dé, Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ráàpù wa ń sọ, tí wọ́n ń fi imú sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà. Yorùbá wà fún ègbè, kí ará ilé lè rí nǹkan jó sí. Bí ewùrà ni wọ́n ṣe ń wo èdè wa: kò ṣeé gún. Àwa Ìjẹ̀bú ọmọ Alárè la mọ̀ pé ohun tí kò ṣeé gún ṣeé rin. A rin ewùrà, a bù ú sínú omi ọbẹ̀ tó ń hó, epo wà ńbẹ̀, ẹja wà ńbẹ̀, ó di ìkọ́kọrẹ́. Ajasa rin Yorùbá.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbí, torí ibí niṣẹ́ wà. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ń ráàpù á máa ṣọdẹ ọ̀rọ̀ tí ìparí wọn bára mu. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Fáwẹ́lì ló ń parí ọ̀rọ̀ wa, ọmọ ọdún mẹ́fà lè fi "ilé" bá "ìwé" dọ́gba láìronú. Ohùn ló le. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: ẹni tó bá ṣi ohùn gbé lè sọ ọkọ ìyàwó di ọkọ̀ tá à ń wọ̀ lọ sí Ṣàgámù. Akọrin tó ń fa ohùn gùn lè tẹ ọ̀rọ̀ wọ́, olùgbọ́ á fi òye gbé e. Ẹni tó ń ráàpù ò ní àwáwí yẹn, ọ̀rọ̀ ló ń sọ. Ó gbọ́dọ̀ sáré bá ìlù, kí ohùn ọ̀rọ̀ má sì yẹ̀ lórí eré. Iṣẹ́ oníjàálá ni, iṣẹ́ onírárà ni. Bàbá orí bẹ́ǹṣì kò ṣìgbọ́ rárá.

Ìjẹ̀bú-Igbó tí ìyá àgbà mi ti ń pòwe náà ni ilé Haruna Ishola. Kò gbé gìtá. Agídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àkúbà àti ọ̀rọ̀ ẹnu ló fi jọba àpàlà. Àwo orin Oroki Social Club tó gbé jáde ní 1971 ṣì ń dún lóde títí dòní. Àwọn tó mọyì rẹ̀ ò sì dúró di 1983 tó kú. Wọ́n pè é sóde, wọ́n náwó fún un, ojú rẹ̀ ló ṣe.

Ẹ wá wo Dagrin, ọmọ ráàpù Yorùbá. Àwo orin rẹ̀, C.E.O., jáde ní 2009, ìgboro gbà á. Ní oṣù kẹrin 2010, ọkọ̀ rẹ̀ forí sọ ọkọ̀ akẹ́rù kan ní Mushin. Nígbà tó di ọjọ́ 22 oṣù náà, ó dákẹ́. Mo mọ àwọn tí kò gbọ́ orin rẹ̀ kan rí tí wọ́n fi fọ́tò rẹ̀ ṣe ojú fóònù. Ní 2011, fíìmù nípa rẹ̀ ti jáde. Ó ti dère. Òun tilẹ̀ rí díẹ̀ tọ́ wò nínú ìyìn rẹ̀ kó tó lọ. Ajasa tó ti ń rin ọ̀nà yẹn kó tó dé ńkọ́? Olamide, tó ka ìwé díẹ̀ ní Yunifásítì Tai Solarin nílé wa níbí, ní Ìjagun, gbé àwo orin Rapsodi jáde ní 2011. Reminisce náà dé, ìwé ìròyìn TIME kà á mọ́ olórin ráàpù 7 káàkiri ayé tó yẹ kéèyàn mọ̀, ní 2014. Ó tọ́ sí wọn.

Àwọn kan á ní Ajasa ò mọ bí wọ́n ṣe ń gun ìlù tó Dagrin. Ó ṣeé ṣe. Èmi náà, kì í ṣe gbogbo orin rẹ̀ ni mo lè gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń yẹ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló ń rí wíwọ́ rẹ̀, ojú ọ̀nà yẹn kan náà ló sì dúró lé tó fi rí i.

Ẹ̀yin àbúrò mi, n ò ní kẹ́ ẹ gbẹ́ ère. Bẹ́ ẹ bá lu orin ẹni, ẹ dárúkọ ẹni. Ẹ gbọ́ ọ níbi tí owó á ti kàn án, ẹ yé fi ránṣẹ́ síra yín lórí WhatsApp bí àdúrà òwúrọ̀. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ pè é sóde, ẹ san owó rẹ̀ kó tó gbé máìkì. Ṣé ẹ rántí Ojúde Ọba 2024? Farooq Oreagba jókòó sórí ẹṣin, sìgá ńlá lọ́wọ́, fọ́tò ọjọ́ kan ṣoṣo, ayé gbọ́ orúkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní ká ní sùúrù dìgbà ìsìnkú. Bá a bá lè ṣe é fún ẹni tó mọ aṣọ wọ̀, ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ ńkọ́?

Nígbà tó kan bàbá, ó gun orí àga, ọmọ náà so aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn.

"Kí lo pe orúkọ rẹ̀?"

"Lord of Ajasa, bàbá."

Bàbá tọ́ ọ wò lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì, "Lọ́ọ̀dù Àjàsá, Lọ́ọ̀dù Àjàsá." Ó ní kí ọmọ náà dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kó sì pa kílípà yẹn ná, ariwo rẹ̀ ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.