Ṣé Òótọ́ Ni Pé Eré àti Àwòrán Ń Ba Ẹ̀kọ́ Bíbélì Àwọn Ọmọdé Jẹ́?

Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ ní Abẹ́òkúta, ìgbàgbọ́ kan wà tí àwọn àgbà máa ń sọ tọkàntọkàn: pé ọmọ tí ó bá jókòó jẹ́ẹ́, tí ó sì ka àkọ́sórí rẹ̀ láìṣi ọ̀rọ̀ kankan kà ni ó ti gbọ́ ẹ̀kọ́, àti pé olùkọ́ tí ó bá mú amọ̀, àwòrán tàbí eré wọ kíláàsì Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ń fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣeré. Ọdún mọ́kànlá nìyí tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́sàn-án. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tí wọ́n di ìgbàgbọ́ yìí mú, nítorí àwọn ni wọ́n kọ́ èmi náà, ṣùgbọ́n mo ti wá rí i pé kò tọ̀nà.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, kíláàsì mi ka Sáàmù 23 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohùn wọn sì dọ́gba bí ẹni pé ẹnu kan ni. Nígbà tí a parí, ọmọbìnrin kan bi mí pé, "Àǹtí, ṣé òtútù kò ní mú àgùntàn yẹn ni?" Ibi tí a ti kà nípa pápá oko tútù ni ó ń wí. Lójú tirẹ̀, ilẹ̀ tútù nini ni Olúwa mú ẹran náà dùbúlẹ̀ sí. Kò rí olùṣọ́-àgùntàn rí. Àgùntàn tí ó mọ̀ ni èyí tí ó ń jẹ èèpo iṣu kiri àdúgbò, tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ lé. Odindi oṣù mẹ́ta ni ọmọ yìí ti ń ka ọ̀rọ̀ ìtùnú bí ọ̀rọ̀ ìyà, kò sì sí bí mo ṣe lè mọ̀, nítorí pé kò ṣi ọ̀rọ̀ kankan kà.

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń wádìí ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ọ̀rọ̀ tí ó yé ni àti èyí tí a kàn há sórí. Ní 1885, Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, tẹ ìwé jáde lórí bí ó ṣe dán agbára ìrántí ara rẹ̀ wò. Ó há àwọn sílébù tí kò ní ìtumọ̀ sórí, ó sì rí i pé kíákíá ni wọ́n ń kúrò lọ́kàn òun. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó há ewì tí ó ní ìtumọ̀, làálàá rẹ̀ kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Ní 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Amẹ́ríkà ní àyọkà. Àwọn tí wọ́n tún un kà ni wọ́n rántí jù lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tí wọ́n pa ìwé dé tí wọ́n sì gbìyànjú láti rántí rẹ̀ fúnra wọn ni wọ́n borí. Ohun tí ó ń tàn wá jẹ nìyẹn: kété tí àwọn ọmọ bá kà á tán ni a ń yẹ̀ wọ́n wò, tí a sì ń pàtẹ́wọ́. Àgbà ni wọ́n fi ṣe ìwádìí wọ̀nyí, kì í ṣe ọmọdé, nítorí náà n kò ní gbé wọn ga ju bí ó ti yẹ lọ, ṣùgbọ́n wọ́n bá ohun tí mo ń rí ní kíláàsì mu.

Bí ẹnìkan bá sọ pé ọgbọ́n ayé ni ìyẹn, kí a ṣí Bíbélì fúnra rẹ̀. Nínú Jóṣúà orí kẹrin, Ọlọ́run ní kí wọ́n gbé òkúta méjìlá láti inú Jọ́dánì, kí àwọn ọmọ wọn lè béèrè lọ́jọ́ iwájú pé kí ni ìtumọ̀ àwọn òkúta wọ̀nyí. Ẹ kíyè sí i pé ọmọ ni ó ń béèrè, tí àgbà ń dáhùn; nínú kíláàsì tiwa, òdìkejì rẹ̀ ni a sábà máa ń ṣe. Ọlọ́run rán Jeremáyà lọ sí ilé amọ̀kòkò kí ó tó bá a sọ̀rọ̀. Ó ní kí Ìsíkíẹ́lì ya àwòrán Jerúsálẹ́mù sára bíríkì. Jésù pe ọmọ kékeré kan, ó sì mú un dúró láàrin àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó tó kọ́ wọn ní ìrẹ̀lẹ̀.

Àwọn mìíràn ní bí àwọn bàbá wa ṣe ṣe é ni kí a ṣe é. Mo fara mọ́ ọn, bí a bá mọ bí wọ́n ṣe ṣe é. Nígbà tí Robert Raikes bẹ̀rẹ̀ irú ilé-ẹ̀kọ́ yìí ní ìlú Gloucester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1780, àwọn ọmọ tálákà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ yòókù ni ó ń kọ́ ní ìwé kíkà, àwọn kan sì bínú pé ó ń ba ọjọ́ Ìsinmi jẹ́. Ní ìlú tiwa níbí, àwọn míṣọ́nnárì Henry Townsend àti Àjàyí Crowther dé ní 1846, odindi Bíbélì kò sì jáde ní èdè Yorùbá títí di 1884, nítorí náà kì í ṣe kíka odindi Bíbélì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, tí a bí ní 1855, fi ọ̀rọ̀ ìhìnrere sínú ohùn orin tí àwọn Ẹ̀gbá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn orin rẹ̀ sì wọ inú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Ohun tí etí àwọn ènìyàn ti mọ̀ ni ó fi gbé ohun tí wọn kò tí ì mọ̀ wọlé.

Ìdí nìyẹn tí èmi náà fi ń wo ohun tí ó wà nílẹ̀. Òkúta kò wọ́n wa. Nígbà tí a dé orí ìtàn Jọ́dánì, ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣa ọ̀kan wá láti ọ̀nà ilé rẹ̀. Ìtàn Dáníẹ́lì, tí ó pinnu pé òun kò ní fi oúnjẹ ọba ba ara òun jẹ́, ni ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ méjì. A gé aṣọ funfun, àwọn ọmọ fi ìko di òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀ pinpin, ìyá kan nínú ìjọ tí ó ń ṣe àdìrẹ tà ní Ìtòkú sì gbé e lọ rẹ, nítorí pé aró kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń fọwọ́ bọ̀. Nígbà tí wọ́n tú u ní ọ̀sẹ̀ kejì, ibi tí wọ́n dì ṣì funfun; ọmọkùnrin kan gbé tirẹ̀ sókè, ó ní, "Aró yí i ká, kò sì wọlé." N kò tí ì gbọ́ ìwàásù tí ó ṣàlàyé Dáníẹ́lì orí kìíní, ẹsẹ kẹjọ, jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n há ẹsẹ náà sórí lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì ṣì mọ̀ ọ́n nígbà ìkórè.

Nǹkan kan wà nínú ìbẹ̀rù àwọn àgbà tí ó tọ̀nà. Ní ọdún kan, mo pín àwòrán ọkọ̀ Nóà fún àwọn ọmọ láti kùn. Wọ́n kùn ún dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ ọ̀kan nínú wọn tí ó lè sọ ìdí tí ìkún-omi fi wáyé. Iṣẹ́ ọwọ́ lásán nìyẹn. Láti ìgbà náà, bí mo bá rí i pé ọmọ tí kò gbọ́ ìtàn náà rárá lè ṣe iṣẹ́ ọwọ́ kan parí, mo máa ń pa á tì. N kò sì fi àkọ́sórí sílẹ̀. Kí ó yé wọn ni mo fi ṣáájú, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ni mo sì máa ń béèrè rẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ti pa ìwé dé.

Ní ti ọmọ tí ó ń ṣàánú àgùntàn, mo kó gbogbo wọn lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn òjò. Mo fi koríko hàn wọ́n, mo ní tútù yìí dà bíi ti ẹ̀fọ́ tútù tí ìyá wọn ń rà. Ọmọkùnrin kan mú ọ̀pá, ó ṣe olùṣọ́. Àwọn yòókù ṣe àgùntàn, wọ́n tẹ̀ lé e yí ọgbà ká. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo béèrè ìtumọ̀ ẹsẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ibi tí oúnjẹ pọ̀ sí ni ó mú mi lọ, Àǹtí. Ìgbà tí mo yó ni mo dùbúlẹ̀."