Ewu 3 nínú 5: ṣé kó lọ, àbí kó jókòó?

Àkànní Tacoma: Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ibi iṣẹ́ mi kan fẹ́ lọ síkì, ìyẹn kéèyàn so pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ kó máa yọ̀ lórí yìnyín, lórí òkè Cascades níbí ní Amẹ́ríkà ní Sátidé. Kì í ṣe ibi tí wọ́n ń sanwó wọ̀ o, ẹ̀yìn òkè lọ́hùn-ún tí ẹnikẹ́ni kì í ṣọ́. Láti Túsìdeè ni yìnyín ti ń rọ̀, atẹ́gùn ń jà. Àwọn tó ń yẹ òkè wò ní ewu pé yìnyín á ya lára òkè, kó wó bo èèyàn, ti dé 3 nínú 5. Ó ní 3 kò ju àárín lọ. Mo ní kó má lọ. Ṣé mo ṣàṣejù ni?

Ọmọ Ìdànrè: Àṣejù wo? Àwa tí òkè wa ní àtẹ̀gùn tó lé ní 600, bí òjò bá ti ṣú, ta ló ń gùn ún? Ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá ikú lọ, kó má pariwo.

Dúpẹ́ Utah: Ọmọ Ìdànrè, rọra o. Ọdún kẹfà mi rèé tí mo ti ń síkì, orí mi pé. Kò sẹ́ni tó ń bá wa jáde láìso beacon, ẹ̀rọ kékeré tó ń jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí yìnyín bo èèyàn mọ́, mọ́ àyà, láìgbé ṣọ́bìrì àti ọ̀pá tí a fi ń gún yìnyín wá èèyàn. Ibi tí kò bá dà gẹ̀rẹ́ tó 30 dígírì, yìnyín rẹ̀ kì í sábà ya. Bí ìjì bá jà, ibẹ̀ là ń lọ. 3 kò ní kéèyàn ti ilẹ̀kùn mọ́rí.

Ìyá Ìbejì Denver: Dúpẹ́, beacon kì í dá yìnyín dúró o. Ẹni tí wọ́n bá hú jáde kí ìṣẹ́jú 15 tó pé, bíi 9 nínú 10 ló ń yè. Tó bá fi di ìṣẹ́jú 35, bíi 3 ló kù. Àwọn tí igi àti àpáta ti pa kí yìnyín tó dúró ńkọ́? Bàbá Ìbejì lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń hú èèyàn jáde. Wọ́n ri àpò kan mọ́ inú yìnyín tí katakata kó jọ, wọ́n ní kí wọ́n wú u. Ó ti le gbagidi bíi kọnkéré. Ṣọ́bìrì oníke ẹnì kan ṣẹ́ sí méjì, ọwọ́ bàbá wọn bó. Ó sì mọ ibi tí àpò wà o!

Dúpẹ́ Utah: Òótọ́ ni, mà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń sọ̀.

Àkànní Tacoma: Àwọn onísíkì tí yìnyín ya lù ní Tunnel Creek náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 19 oṣù kejì 2012, nítòsí Stevens Pass níbí. Wọ́n tó 16, ògbólógbòó pọ̀ nínú wọn. Mẹ́ta kú. Ìrì dídì ti hù sórí yìnyín àtijọ́, ìjì wá da tuntun lé e. Bí ẹní tí wọ́n tẹ́ sórí ẹ̀wà gbígbẹ ló rí; ẹsẹ̀ èèyàn kan ti tó. Lójú tèmi, pípọ̀ wọn gan-an ni ìṣòro. Nínú èèyàn 16, ta ló fẹ́ jẹ́ ojo tó máa ní ká padà?

Bàbá Everett: Òkè kan náà ni o. Ní Wellington, ọjọ́ 1 oṣù kẹta 1910, yìnyín gbá ọkọ̀ ojú irin méjì tí ìjì ti há mọ́ ibẹ̀ sínú àfonífojì. Èèyàn 96 kú. Ọmọ Ìdànrè, ṣé àwọn náà fẹsẹ̀ wá ikú lọ?

Ọmọ Ìdànrè: Rárá, sà. Mo gba ti yẹn. Àmọ́ àwọn onísíkì ńkọ́?

Dúpẹ́ Utah: Kí n má purọ́, bíi 9 nínú 10 tó ń kú sí i lónìí, àwọn fúnra wọn tàbí ẹni tí wọ́n jọ lọ ló tẹ̀ ẹ́ ya. Lójú 3 yẹn sì ni ọ̀pọ̀ ń kú sí. Bó bá di 4, wọ́n á jókòó sílé. Àkànní, bi í léèrè bí ibẹ̀ ṣe dà gẹ̀rẹ́ tó.

Àkànní Tacoma: Mo ti bi í. Ó ní dígírì 38, àwọn méje ni wọ́n ń lọ. Mo bi í pé nínú àwọn méje, ta ló máa kọ́kọ́ ní ká padà. Ó ti kà á, mo rí àmì búlúù. Kò tíì dáhùn.