Orin Yìí Ní Baba

Mo fẹ́ràn àwo orin "The Weavers at Carnegie Hall", ti ẹgbẹ́ olórin ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ The Weavers, gan-an, ẹ má ṣì mí gbọ́. Torí mo fẹ́ràn rẹ̀ ni mo fi ń bá a jà.

Kérésì ku ọ̀la lọ́dún 1955 ni wọ́n gbà á sílẹ̀ lójú agbo ní New York, èrò kún gbọ̀ngàn Carnegie Hall fọ́fọ́. Ilẹ̀kùn ti sé mọ́ àwọn Weavers mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Pete Seeger, Lee Hays, Ronnie Gilbert àti Fred Hellerman, nígbà yẹn, torí wọ́n ní Kọ́múníìsì ni wọ́n. Ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo wọn jáde ti já wọn jù sílẹ̀. Oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà ni Seeger dúró níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin, tó ní òun ò ní dáhùn ìbéèrè wọn. Ẹ gbọ́ àtẹ́wọ́ inú àwo náà kí ẹ rí i: bí ìgbà tí ẹni tí wọ́n ní ó ti kú bá já wọlé ni. Nígbà tó kan "Goodnight, Irene", tèrò tòṣèré ló jọ ń kọ ọ́.

Ibi tó ń dùn mí ni "Wimoweh". Seeger á gbé ohùn sókè réré, àwọn yòókù á máa gbè é nísàlẹ̀, ara á bù máṣọ. Ọ̀pọ̀ ló rò pé orin ìbílẹ̀ Áfíríkà ni, pé àwọn baba ńlá ló ni ín. Irọ́ ni o. Solomon Linda, ọmọ Súlú, ló kọ ọ́ sínú àwo ní Johannesburg lọ́dún 1939, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Evening Birds. Ó ṣì wà láyé lọ́jọ́ tí Carnegie Hall ń pàtẹ́wọ́. "Paul Campbell" ni wọ́n kọ pé ó ni orin. Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Kò sí! Orúkọ tí àwọn Weavers fi ń gba owó orin tí wọ́n kà sí èyí tí kò ní olóhun ni.

Ká má purọ́ mọ́ Seeger, ó fi 1,000 dọ́là ránṣẹ́ sí Linda. Síbẹ̀, inú òṣì ni ọkùnrin náà kú sí lọ́dún 1962, nígbà tí ẹgbẹ́ olórin Amẹ́ríkà, The Tokens, ti sọ orin rẹ̀ di "The Lion Sleeps Tonight" tí gbogbo ayé ń jó sí. Ó di 2006 kí ẹjọ́ àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ tó parí, kí owó gidi tó wọlé.

Àwọn kan á ní bí orin ìbílẹ̀ ṣe ń rìn nìyẹn, láti ẹnu dé ẹnu. Fún "Greensleeves", tí òun náà wà nínú àwo yìí, mo gbà. Ta ló mọ ẹni tó kọ ọ́? Ṣùgbọ́n ti Linda ò gba ẹnu ẹnikẹ́ni kọjá. Àwo ni Alan Lomax, ọ̀gbẹ́ni tó ń kó orin ìbílẹ̀ jọ, gbé fún Seeger, àwo tí wọ́n tẹ orúkọ akọrin sí lára gbàgàdà.

Tí ẹ bá ti gbọ́ ti Carnegie Hall tán, ẹ wá "Mbube", orin tí Linda kọ ní 1939 gan-an, lọ. Ẹ má tètè pa á. Apá ìparí ni Linda ti ṣàdédé dá ohùn òkè kan, ohùn yẹn gan-an ni àwọn ọmọ yín ń kọ nínú orin kìnnìún.